Fèrèsé Olórí Títẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Kọ́tìnì fún Yàrá Ìbùsùn Tó Ní Áàṣì

Yàrá ìbùsùn la ó wọ̀ lónìí, ẹnu fèrèsé rẹ̀ la ó sì dúró sí.

Fèrèsé onígun mẹ́rin kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gíga: kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, oníkọ́tìnì ti nawọ́ gán èyí tó ti rán sílẹ̀. Aláàṣì ló ń da ọ̀rọ̀ rú, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gún régé, tí orí rẹ̀ wá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ó pọ̀ lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa n'Ìbàdàn, l'Abẹ́òkúta, l'Ékòó àti l'Óṣogbo. Lójú títì, ọ̀ṣọ́ ló ń ṣe fún ilé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá náà ló mọ bí oòrùn òwúrọ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ tojú bọ ojú orun.

Ọ̀nà méjì la sábà máa ń gbà ṣe é. Àwọn kan á kan irin kọ́tìnì sókè pátápátá, lábẹ́ sílíǹ, wọn á fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Áàṣì tí wọ́n sanwó fún bíríkìlà kó tó ṣe é á wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́. Àwọn kan á ta wáyà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì níbi tí áàṣì ti bẹ̀rẹ̀, wọn á fi òkè sílẹ̀ gbayawu. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ní ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ kí a tó yọ owó lápò ni pé fèrèsé méjì ló wà nínú fèrèsé aláàṣì kan. Ìsàlẹ̀ tó gún ni a ń ṣí, òun ni a ń tì, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ojú aládùúgbò ń gbà wọlé. Òkè tó tẹ̀ kì í sábà ṣeé ṣí. Ti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni. Tí a bá ti pín in báyìí, tí a ro ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, tí a ro ti òkè lọ́tọ̀, ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi irú fèrèsé yìí dárà l'Ékòó mọ ìpín náà dáadáa. Nígbà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wà lára ohun tí wọ́n mú bọ̀. Àwọn tí à ń pè ní Àgùdà yìí tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Àwọn mìíràn tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó ní 1894, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ Àgùdà, ló darí kíkọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rìn gba Òpópónà Kakawa kọjá, tó gbójú sókè wo Water House tí ìdílé da Rocha kọ́, á rí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà, ìsàlẹ̀ fèrèsé ní ilẹ̀kùn pákó aláwẹ́ méjì tó ń ṣí síta. Òkè rẹ̀ tó tẹ̀ ni wọ́n fi pákó pín sí awẹ́ awẹ́, tí wọ́n fi gíláàsì há a, nígbà mìíràn gíláàsì aláwọ̀. Bí wọ́n bá ti ti pákó ìsàlẹ̀ lálẹ́, ẹnikẹ́ni kò rí inú mọ́, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ṣì ń ti òkè wọlé. Wọn kò wá aṣọ kan tí yóò bo ohun gbogbo. Bí ojú mi bá bọ́ sára irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù, inú mi máa ń dùn. Ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n yọ pákó yẹn dànù, tí wọ́n fi gíláàsì lásán rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n wá ń wá kọ́tìnì tó máa ṣe iṣẹ́ tí pákó ti ń ṣe.

Nítorí pé pákó ìta yẹn ju aṣọ inú lọ nínú iṣẹ́ kan: ooru. Oòrùn tó bá ti gba ara gíláàsì kọjá ti wọlé tán. Kọ́tìnì tó wà nínú yàrá á dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lójú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ náà fúnra rẹ̀ á gbóná, á sì máa tú ooru yẹn sínú yàrá. Ohun tó dúró níta, ìbáà jẹ́ pákó, ìbáà jẹ́ páànù tí a yọ jáde lórí fèrèsé, ìbáà jẹ́ igi tí a gbìn, ó ti dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì. Ní ilẹ̀ wa níbí, oòrùn ọ̀sán gangan kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ fèrèsé. Ó ń lọ lókè orí ni. L'Ékòó, nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ló máa ń wà lókè àtàrí ẹni gan-an. Oòrùn àárọ̀ láti ìlà-oòrùn àti ti ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ló ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí fèrèsé yín bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ tó náwó sórí kọ́tìnì olówó ńlá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ lè fi nǹkan dábòò bo ìta rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, bí ilé náà bá jẹ́ ilé alájọgbé tí onílé kò gbà kí wọ́n kan nǹkan mọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn kọ́tìnì tó kọjú sí gíláàsì jẹ́ funfun. Funfun á dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà síta. Àwọ̀ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi kọjú sínú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òru, nítorí yàrá tí a ń sùn sí là ń bá wí. Ọ̀sán la máa ń lọ ra kọ́tìnì, ní Gbági tàbí ní Balógun, níbi tí aṣọ ti ń dán yinrin lójú oòrùn. Ṣùgbọ́n òru ni kọ́tìnì yàrá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní aago kan òru, tí fáànù dúró, tí ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, ṣé aṣọ yẹn á jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé? Aṣọ tó nípọn, tí wọ́n fi nǹkan bíi rọ́bà kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má lè gbà á kọjá, á pa ìmọ́lẹ̀, á sì pa atẹ́gùn mọ́ ọn. Ẹni tó ní sólà tó lè gbé fáànù di àárọ̀ lè rà á. Ẹni tí kò bá ní, ìlọ́po méjì ni mo fẹ́ràn fún un: aṣọ fífẹ́lẹ́ tó súnmọ́ gíláàsì, aṣọ tó nípọn níwájú rẹ̀, kálukú lórí irin tirẹ̀. Bí ooru bá mú, ẹ fa èyí tó nípọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí fífẹ́lẹ́ nìkan dúró. Níwọ̀n ìgbà tí iná kò ti sí nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò ní rí yín láti ìta.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn, ẹ fara balẹ̀ sí i díẹ̀. Aṣọ fífẹ́lẹ́ kan náà ni o, ó ń bò wá lọ́sàn-án, ó sì ń tú wa síta lálẹ́. Ohun tó fà á ni pé apá ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni ojú máa ń rí. Lọ́sàn-án, ìta mọ́lẹ̀ ju inú lọ, nítorí náà ẹni tó wà níta kò rí nǹkan kan. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹ tan gílóòbù, ọ̀rọ̀ yí padà. Bákan náà ni ti gíláàsì dúdú tó ń dán bíi dígí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbára lé pátápátá tí wọn kì í sì í ta kọ́tìnì. Ẹ ṣe ohun kan fún mi ní alẹ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀: ẹ tan iná yàrá, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀yin bọ́ síta, kí ẹ lọ dúró níbi tí aládùúgbò máa ń dúró sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gòkè lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí i, bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ níbẹ̀. Apá ibi tí ẹ bá ti rí ẹni tó wà nínú yàrá, ibẹ̀ ni kọ́tìnì gbọ́dọ̀ bò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé sílíǹ àti ògiri òdìkejì nìkan ni ojú ń bá pàdé láti ihò áàṣì òkè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òkè yẹn kò nílò aṣọ nítorí ojú èèyàn rárá. Ti oòrùn àárọ̀ nìkan ló kù láti rò.

Wíwọ̀n ló kàn. Ẹ mú téèpù, kì í ṣe okùn, kì í sì í ṣe ọwọ́ nínà. Ẹ wọn ìbú níbi mẹ́ta: nísàlẹ̀, láàárín, àti níbi tí áàṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, nítorí ọwọ́ ni bíríkìlà fi rẹ́ ògiri náà. Bí ohun tí ẹ fẹ́ lò bá máa wọ inú ihò fèrèsé, bíi bíláìǹdì, èyí tó kéré jù ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ kọ́tìnì tó máa dúró lára ògiri ni, èyí tó tóbi jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gíga láti ojú fèrèsé dé ibi tí áàṣì ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wọn gíga áàṣì nìkan, láti ibẹ̀ dé òkè téńté.

Bí gíga áàṣì bá jẹ́ ìdajì ìbú gééré, ìlàjì òbìrí ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ìbú 120 sẹ̀ǹtímítà, gíga áàṣì 60: ìlàjì òbìrí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàṣì kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ìbú jẹ́ 120, kí gíga áàṣì jẹ́ 40 péré. Káfíńtà tó fẹ́ gé pákó rẹ̀ á lo ìṣó àti okùn: okùn náà á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65, ìṣó á sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ìsàlẹ̀ ìlà tí áàṣì ti bẹ̀rẹ̀, ní agbedeméjì ìbú. Mo tún un sọ fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: okùn, 65, ìṣó, 25 sí ìsàlẹ̀. Tó bá so pẹ́ńsù mọ́ okùn yẹn tó sì yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó máa bá ẹnu áàṣì mu.

Ìyẹn bí áàṣì náà bá dọ́gba o. Áàṣì ilé wa, apá òsì máa ń ga díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, tàbí kí ó ní ibi tó pọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bébà ló dára jù. Ẹ wá bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ tú u, ẹ gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ dànù, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún. Ó nípọn, kì í tètè ya. Ẹ fi téèpù alẹ̀mọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bo gbogbo áàṣì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ igun ibi tí ògiri ti pín sí fèrèsé, láti ìsàlẹ̀ òsì títí yí ká dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Ẹ ó rí ìlà tí ọwọ́ yín tẹ̀ sójú bébà. Ẹ fi bírò tọ ìlà náà. Kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò, ẹ kọ "òkè" sókè rẹ̀, kí ẹ kọ "ojú inú yàrá" sí ojú tó kọjú sí yín. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí bí télọ̀ bá yí bébà náà dà, ọ̀tún á di òsì, aṣọ tó bá gé kò sì ní bá ihò mu. Bébà yìí ni kí ẹ gbé lọ fún télọ̀ tàbí káfíńtà, pẹ̀lú iye tí ẹ wọ̀n.

Ó wá ku kí a yan irú rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí irin kọ́tìnì dúró ní ìlà tí áàṣì ti bẹ̀rẹ̀, kí aṣọ bo ìsàlẹ̀, kí a wá fi nǹkan mìíràn tọ́jú òkè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Fèrèsé wa fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà. Ojú rẹ̀ ga ní 90 láti ilẹ̀, áàṣì bẹ̀rẹ̀ ní 210, òkè rẹ̀ dé 270. Irin gbọ́dọ̀ kọjá fèrèsé ní 20 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún àti lósì, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí aṣọ sì ní ibi tó máa kóra jọ sí tí a bá fà á. Irin á wá di 160. Kọ́tìnì tó bá máa ní ìṣẹ́po tó rẹwà, ìbú aṣọ rẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po méjì irin, ìyẹn 320. Bí aṣọ tí ẹ rí lọ́jà bá fẹ̀ ní 140, awẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Láti 210 dé ilẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà fún ìṣẹ́po òkè àti ti ìsàlẹ̀, awẹ́ kan á gùn ní 240. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ mítà 7 lé díẹ̀, bí yáàdì mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ pé òkè áàṣì ni a ta irin sí, ní 285, yáàdì mẹ́jọ á di nǹkan bí mọ́kànlá. Ẹ ti rí iye tí yáàdì mẹ́ta máa kó lọ.

Ohun kan wà nípa irin tó dábùú ẹnu áàṣì tí àwọn tó ń kan kọ́tìnì kì í sọ fún wa. Irin tó wà lókè fèrèsé onígun mẹ́rin ní ògiri lẹ́yìn rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, a lè fi apá ìdúró kẹta há a láàárín. Èyí tó gba iwájú áàṣì kọjá, gíláàsì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín, kò síbi tí a máa kan ìdúró sí. Nítorí náà, irin tó nípọn ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tín-ín-rín tó ń ki bọ inú ara wọn, nítorí ojú ìsopọ̀ yẹn gan-an ló ń tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo aṣọ. Wáyà tiẹ̀ burú jù. Láàárín oṣù díẹ̀, á ti fì wálẹ̀ láàárín, kọ́tìnì á sì máa wọ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń kàn án lu búlọ́ọ̀kù dáadáa, kó fi fíṣà sí i kó tó fi ìṣó onísíkúrù dì í. Búlọ́ọ̀kù oníhò kì í di ìṣó lásán mú.

Ní ti òkè tó tẹ̀, ohun tó rọrùn jù ni bébà funfun alẹ̀mọ́gíláàsì, èyí tó ń sọ gíláàsì di bí ìgbà tí èémí bò ó. Ẹ fi bébà sìmẹ́ǹtì yín gé e, ẹ fi omi ọṣẹ wọ́n gíláàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fi nǹkan pẹlẹbẹ tí omi jáde láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á ṣì wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn kò ní gún ojú mọ́. Ẹni tí orun rẹ̀ fúyẹ́, tàbí nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ tó ń ṣiṣẹ́ òru tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ìyẹn kò ní tó o. Fún irú wọn, kí káfíńtà fi plywood tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe férémù tó bá áàṣì mu, kí télọ̀ na aṣọ tó nípọn sí i, kí ó há wọ inú ihò náà pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ kó rẹwà sí i, aṣọ náà lè jẹ́ ìṣẹ́po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tú jáde láti agbedeméjì ìsàlẹ̀ lọ sí gbogbo ara áàṣì, bí abẹ̀bẹ̀ ti ń ṣí. Fún ìlàjì òbìrí 120 yẹn, ẹnu áàṣì gùn tó nǹkan bí 188 sẹ̀ǹtímítà, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ìṣẹ́po nílò. Yáàdì méjì ààbọ̀ aṣọ tó fẹ̀ ní 140 á tó o. Kí wọ́n fi aṣọ alẹ̀mọ́ra lẹ̀ ẹ́, èyí tó máa ń dún "ràà" tí a bá ń ṣí i, kí ẹ lè yọ ọ́ fọ̀. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ti tó ẹ̀rí: eruku tó ń ti Sàhárà wá kò mọ ohun tí a kò lè yọ sílẹ̀.

Àwọn oníkọ́tìnì kan á fi irin tí wọ́n tẹ̀ bí áàṣì hàn yín, kí aṣọ lè tẹ̀lé ẹnu rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ń wu ojú lóòótọ́. Ẹ kàn mọ̀ pé kọ́tìnì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fà. Ibi tí irin ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òrùka á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, gbogbo aṣọ á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ so òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fi ìgbànú aṣọ kó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní pálọ̀, kò burú. Nínú yàrá tí ẹ fẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ooru bá mú, èmi kò ní rà á.

Ní ti irú aṣọ, mo fẹ́ràn òwú fún ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí ó ń mí. Bí ẹ bá fẹ́ àdìrẹ, tí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta kún fún un, ẹ rà á, ó máa ń bu ẹwà kún yàrá gan-an. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ aró. Ẹ fi òwú funfun há ẹ̀yìn rẹ̀, kí oòrùn má bàa kan aró ní tààrà, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Kọ́tìnì, ohun yòówù kó jẹ́, kì í dá ẹ̀fọn dúró; nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ̀fọn tilẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ lọ́sàn-án. Ẹ máa gbọn kọ́tìnì nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó ti fèrèsé. Bí apá òkè áàṣì yín bá jẹ́ èyí tó ń ṣí, òun náà gbọ́dọ̀ ní nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Áàṣì nìkan kọ́ ni fèrèsé tó ń yọ èèyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba mìíràn kíákíá. Èyí tí kọ́bọ́ọ̀dù há mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má pín kọ́tìnì rẹ̀ sí méjì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ awẹ́ kan tó ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ní àyè. Fèrèsé méjì tó pàdé ní igun ilé, irin kan tó tẹ̀ ní igun ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ jẹ́ kí irin méjèèjì kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ìmọ́lẹ̀ má gba igun wọlé. Fèrèsé pẹlẹbẹ tó wà lókè lábẹ́ sílíǹ kì í sábà nílò ju bébà alẹ̀mọ́gíláàsì lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London, tí wọ́n ń gbé yàrá abẹ́ òrùlé tí fèrèsé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ìṣòro tiwọn tún yàtọ̀: kọ́tìnì tí a so kọ́ á jìnnà sí gíláàsì, á máa fì. Bíláìǹdì tó ń rìn nínú irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló bá a mu. Wọ́n sì nílò èyí tó dúdú, nítorí ní oṣù kẹfà, oòrùn ibẹ̀ máa ń yọ kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi kọjá. Ní ìgbà òtútù, omi máa ń sẹ̀ sára gíláàsì. Kí wọ́n má jẹ́ kí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn, kó má bàa hu èéhù.

Ọ̀rọ̀ bíláìǹdì yìí ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí dákẹ́ gbọ́. Okùn gígùn tí a fi ń fa bíláìǹdì sókè sódò ti pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó ń rákò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè fi ọrùn kọ́ ọ, kò sì ní lè ké. Láti 2014 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Britain ti ní kí irú okùn bẹ́ẹ̀ ní ohun ààbò lára, kí wọ́n sì máa so ó mọ́ ibi gíga. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́, títí kan àwọn tí wọ́n ń kó wá sílé láti òkè òkun gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, lè máà ní nǹkan kan lára. Bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, ẹ wá èyí tí kò ní okùn rárá. Bí ẹ bá ti ní olókùn, ẹ kan ìkọ́ mọ́ ògiri, ó kéré tán ní mítà kan ààbọ̀ láti ilẹ̀, kí ẹ sì máa wé okùn mọ́ ọn lójoojúmọ́. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò lábẹ́ fèrèsé, àti àpótí tàbí àga tó lè gùn dé ibẹ̀.

Bí fèrèsé yàrá yín bá ní bọ́gílárì tó ń ṣí, ẹ má ta kọ́tìnì bo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹ máa máa tá a wá nínú òkùnkùn nígbà tí iná bá sọ. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ibi kan náà lára ògiri, tí ọwọ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lè tó, tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò sì lè tó, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé la ó sọ̀rọ̀ lé lórí: irú ihò tí ẹ̀fọn kò lè gbà kọjá, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ èyí tó ya láìyọ férémù.